Irin Ẹ̀gbọ́n Lórí Ìjókòó Iwájú

Ọyẹ́ ló gba gbogbo Lomé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe ọyẹ́ tó ń fẹ́, tó ń gbá ewé kiri. Èyí dúró sójú kan ni, ó funfun bí omidùn ògì. Mo ṣí géètì ilé wa ní Gbossimé, mi ò rí ilé tó wà ní òdìkejì títì. Mò ń gbọ́ ìgbálẹ̀ obìnrin tó ń gbá iwájú ilé rẹ̀, ṣáá, ṣáá, ṣáá, ṣùgbọ́n mi ò rí obìnrin náà. Mo ní, "Bọ́njúù o." Ìgbálẹ̀ dákẹ́. Ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn. Nígbà tó ṣe, ìgbálẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ti yọ lóòótọ́, àmọ́ èèyàn lè tẹjú mọ́ ọn kí ojú má ta á.

Mo ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìró mọ́tò ọmọ mi. Iná iwájú méjèèjì ló kọ́kọ́ yọ nínú funfun yẹn, ó pẹ́ díẹ̀ kí ara mọ́tò tó tẹ̀ lé wọn. Ọmọ mi bọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ láyé ìsinsìnyí.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ kú ọyẹ́."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé wọ́n ti fi irin náà sí i?"

"Wọ́n ti fi í sí i. Ẹ má dààmú ara yín mọ́."

Irin tí mò ń béèrè yìí, abẹ́ mọ́tò ló máa ń wà, púpọ̀ nínú wa kì í rí i. Ó nà láti ẹsẹ̀ ọ̀tún dé ẹsẹ̀ òsì, ó sì ká lórí méjèèjì bí apá ẹni tó fẹ́ gbọmọ. Bí mọ́tò bá ń ya kọ́nà, tí ara rẹ̀ fẹ́ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irin yìí ni kì í jẹ́ kó dà jù. Báà ni àwọn mẹkáníìkì ibí ń pè é. Ti mọ́tò wa tín-ín-rín, ó sì ti gbó. Ó pẹ́ tí mo ti ń bẹ ọmọ mi pé kó fi èyí tó nípọn síbẹ̀. Kì í ṣe pé mo mọ nǹkan kan nípa mọ́tò. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ìbejì ni mo bí. Wọ́n dàgbà, wọ́n níyàwó, àwọn méjèèjì ló jùmọ̀ ra mọ́tò yìí ní èbúté, níbi tí wọ́n ti ń já mọ́tò àlòkù tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Aṣọ tí mò ń tà ní ọjà Adawlato ni wọ́n fi ń kó lọ fún àwọn oníbàárà wa ní Kpalimé àti ní àwọn abúlé orí òkè tó wà lẹ́yìn Kpalimé. Èyí tó kọ́kọ́ jáde nínú mi ló ń wa ọkọ̀. Èyí tó kẹ́yìn, tí àwa Yorùbá máa ń kà sí ẹ̀gbọ́n, ìjókòó iwájú lápá ọ̀tún ni tirẹ̀. Ó sanra dáadáa, àbúrò rẹ̀ rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹnìkan ló jẹ oúnjẹ àwọn méjèèjì nínú mi. Bí mọ́tò bá ti ń yà sósì, ẹ̀gbọ́n á ju ara rẹ̀ lu ilẹ̀kùn, á máa pariwo, "Rọra o, o fẹ́ dà mí nù!" Bí ó bá yà sọ́tùn-ún, á ṣubú lu èjìká àbúrò rẹ̀, á sì kọ̀, kò ní dìde. Ẹ̀rín wọn á gba inú ọkọ̀ kan.

Ibà ló mú ẹ̀gbọ́n lọ. Ibà lásán, tí a rò pé kò ní pẹ́ lọ.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún jókòó síwájú. Ọmọ mi kò gbà kí ìyàwó rẹ̀ jókòó síbẹ̀, kò gbà kí wọ́n gbé ẹrù síbẹ̀. Ẹ̀yìn lèmi náà máa ń wà. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ni, pé á kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, a ń lọ sọ́jà, ó tẹ́tí díẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Kí ni?"

"Ìjókòó yẹn. Bí mo bá ti yà sósì báyìí, tí mọ́tò fì sọ́tùn-ún, ó máa ń dún. Bí ìgbà téèyàn ń gbédìí lé e."

Mo ní ìjókòó tó ti gbó ló ń dún. Kò bá mi jiyàn.

Ìyàwó rẹ̀ ló wá bá mi ní ìsọ̀ níjọ́ kejì ọjà. Ó dúró láàárín àwọn aṣọ, ó ń fọwọ́ pa ọ̀kan tí kò fẹ́ rà. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Eré ló fi ń wọ kọ́nà báyìí. Ìjókòó yẹn ló ń wò, kì í wo ọ̀nà."

Mo fojú ara mi rí i lẹ́yìn náà. Rọ́ńpúẹ́ǹ kan wà lọ́nà ibi tí a ń lọ, níbi tí gbogbo mọ́tò ti ń yí po kí wọ́n tó yà síbi tí wọ́n ń lọ. Òsì ni wọ́n ń yí sí ní ilẹ̀ yìí. Ọmọ mi yí i po, ó dé ibi tó yẹ ká ti yà, kò yà. Ó tún yí i. Ó tún yí i. Eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i, mọ́tò sì dà sọ́tùn-ún bí ẹni tó fẹ́ sùn. Ìjókòó iwájú ń dún, kìììn. Mo rí ojú ọmọ mi nínú dígí. Ó ń rẹ́rìn-ín. Fèrè ọlọ́pàá ló mú kó yà kúrò níbẹ̀.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ pé bí ọ̀kan bá lọ nínú ìbejì, ó lè máa pe èkejì. Mi ò sọ pé mo gbà á gbọ́, mi ò sì sọ pé mi ò gbà á gbọ́. Ohun tí mo lè fọwọ́ kàn ni mo máa ń mú. Ọmọ kan ló kù fún mi nínú méjì, ó sì ń wá ibi tí mọ́tò á ti fì. Mo wá sọ fún un pé kó lọ fi irin tó nípọn sábẹ́ rẹ̀, kó má fì mọ́. Ó pẹ́ kó tó gbà. Nígbà tó máa gbà, ó ní, "Ó dáa, Màmá. Ṣùgbọ́n méjì ni màá rà."

Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Èmi ni mo kọ́ wọn. Bàtà tí mo rà fún ọ̀kan, irú rẹ̀ gan-an ni mo rà fún èkejì. Bí ẹ̀gbọ́n ti lọ tán, bí mo bá ra nǹkan fún àbúrò, mo máa ń ra ti ẹ̀gbọ́n mọ́ ọn. Mo ní kó ra méjì. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ó rántí.

Ìgbà tí mo rìn dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ yẹn ni mo rí irin kejì. Ó wà lórí ìjókòó iwájú. Ọmọ mi ti fi ọ̀kan nínú aṣọ ìsọ̀ mi wé e, aláwọ̀ aró, ó gbé e dúró, orí rẹ̀ tó ká fara ti ẹ̀yìn ìjókòó, ó sì fi bẹ́líìtì dè é.

"Kí lèyí?"

"Ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọ̀kan wà lábẹ́ ọkọ̀, ọ̀kan nìyí."

"Ó dáa. Kí ló dé tí o fi dè é ní bẹ́líìtì?"

"Bí mi ò bá dè é, mọ́tò á máa ké." Ó nawọ́, ó tú bẹ́líìtì náà kí n lè rí i. Iná pupa kékeré kan tàn níwájú, ó ní àwòrán èèyàn tó jókòó. Kín-ín, kín-ín, kín-ín. "Ṣé ẹ rí i? Ó gbà pé èèyàn ni." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ó tún un dè, igbe náà dákẹ́.

Mo wo aṣọ tó ti wà lẹ́yìn mọ́tò, ẹrù orí òkè. Mo ní, "Dúró dè mí, kí n mú ìborùn mi. Mò ń bá ọ lọ."

"Nínú ọyẹ́ yìí? Ẹ̀yìn tó ń dùn yín ńkọ́?"

"Ṣé mo ní kí o pọ̀n mí ni?"

A gbéra. Nínú Lomé, mo rí i pé irin tuntun náà ń ṣiṣẹ́. A dé rọ́ńpúẹ́ǹ, mọ́tò kò dà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mò ń dúpẹ́ nínú mi. Ọmọ mi yíjú sí ìjókòó iwájú, ó wò ó títí, ó ní, "Ó dákẹ́." Ohùn tó fi sọ ọ́ kò dùn mọ́ mi nínú. Bí a ṣe kúrò láàárín ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

"Rọra."

"Màmá, ó ti le báyìí. Ẹ̀yin lẹ ní kí n fi í sí i."

Ṣùgbọ́n èmi tí mo jókòó sẹ́yìn, ìdí mi ń sọ nǹkan mìíràn fún mi. Iwájú dúró gbọn-in. Ẹ̀yìn kò dúró. Ẹ̀yìn ṣì ń mì lábẹ́ mi bí apẹ̀rẹ̀ tí wọn ò so okùn rẹ̀ le. Mo rò pé ẹrù ni. Mi ò sọ ọ́.

Ní Kpalimé, a já aṣọ díẹ̀, wọ́n fún wa lómi, a tún gbéra, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Bí ẹ bá mọ ọ̀nà yẹn, ẹ ó mọ̀ pé kọ́nà lórí kọ́nà ni. Lápá kan, òkè ló ga lọ; lápá kejì, igbó ló jìn lọ sísàlẹ̀. Ní ọjọ́ tó mọ́, èèyàn á rí àwọn òrùlé nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ yẹn, funfun ló kún ibẹ̀, bí ẹni pé ayé parí sí etí ọ̀nà. Àwọn igi kàn ń yọ, wọ́n ń wọlé padà. Kò sí ẹyẹ tó ń dún. A bá obìnrin kan tó ru igi ìdáná, ó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pariwo ní èdè Ewé, "Bléwú! Bléwú!" Ó ń ní ká rọra. Mo wẹ̀yìn láti juwọ́ sí i, funfun ti bò ó.

Kọ́nà tí ó tẹ̀ lé e, òsì ló yà sí. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì pé ọmọ mi yí sìtíárìn sósì. Ó yí i dáadáa. Mọ́tò ò yà. Ó kọ orí sí iwájú, ó ń lọ tààrà sí apá ọ̀tún, sí ibi tí ayé parí sí yẹn, bí ẹni tí wọ́n dì lọ́wọ́ mú tí wọ́n ń fà lọ. Ọmọ mi tún yí i, ó tẹ búréèkì, òkúta ń fò lu abẹ́ ọkọ̀. A wọ inú koríko. A dúró.

Ẹ́ńjìnnì ti kú. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Kín-ín. Kín-ín. Kín-ín.

Àwa méjèèjì wo ìjókòó iwájú. Bẹ́líìtì ti já kúrò lẹ́nu ibi tí wọ́n fi há a. Irin tó wà nínú aṣọ aró ti fì, ó fara ti ilẹ̀kùn ọ̀tún, orí rẹ̀ kan dígí. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń ju ara rẹ̀ sí i gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ọmọ mi sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò wò mí, "Ó fẹ́ kí n máa bọ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Màmá, ẹ rí i. Mo yí i sósì. Apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló gbé wa lọ."

Mo bọ́ sílẹ̀. Mo dúró kí ẹsẹ̀ mi mọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀, nítorí mi ò mọ bí etí òkè ṣe sún mọ́ wa tó. Mo di ara mọ́tò mú, mo rìn yí i po dé apá ọ̀tún. Táyà ọ̀tún iwájú wà lórí koríko, koríko náà sì tẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Mi ò wo ìsàlẹ̀. Mo ní kí ó fi mọ́tò rìn padà sẹ́yìn sójú títì, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá ṣí ilẹ̀kùn iwájú, mo gbé irin náà. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.

"Màmá, ẹ má gbé e. Ibi tirẹ̀ nìyẹn."

"Mo mọ̀ pé ibi tirẹ̀ ni. Èmi ni mo bí i."

Mo gbé irin náà sórí ìjókòó ẹ̀yìn, mo padà wá, mo jókòó síwájú. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni mo máa sọ, mi ò ní fi kún un. Ìjókòó náà gbóná. Ọyẹ́ ń mú, mo da ìborùn bora, irin tútù sì ni mo gbé kúrò níbẹ̀, àmọ́ ó gbóná bí ibi tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ó tún jìn. Ara èèyàn tó tóbi jù mí lọ ló wà nínú rẹ̀, mo sì ń yọ́ lọ sínú rẹ̀ lápá ọ̀tún. Mo fa bẹ́líìtì, mo dè é. Mo ní, "Sún díẹ̀ fún mi."

Ọmọ mi ní, "Ẹ ní kí n ṣe kí ni?"

"Ìwọ kọ́ ni mò ń bá wí."

Ìjókòó dún lẹ́ẹ̀kan. Mo rí i pé ó gbà mí. Mo sọ fún ọmọ mi pé ká yí padà sí Lomé, kó máa lọ bí ẹni tó gbé ẹyin. Bó ṣe wà á nìyẹn. Àwọn oníbàárà orí òkè kò rí aṣọ wọn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a wọ Lomé, Djidjolé ni a lọ tààrà, sí gáréèjì mẹkáníìkì tó fi irin náà sí i. Ará Ìbàdàn ni, kò tíì pẹ́ púpọ̀ ní Lomé, Faransé rẹ̀ ò tíì dán, àmọ́ ẹnu rẹ̀ dùn.

"Màmá, ẹ káàbọ̀! Ẹ wá kí mi, àbí ẹ wá bá mi jà?"

"Wò ó ná, kí n tó mọ èyí tí màá ṣe."

Ó fi jáàkì gbé e, ó wọ abẹ́, ó jáde, ó ní kò rí ohun tó bàjẹ́. Mo sọ bí mọ́tò ṣe ṣe fún un, pé wọ́n yí i sósì, ó lọ tààrà, àti pé iwájú le, ẹ̀yìn ń mì. Ó wò mí. Ó ní, "Bọ̀ọ́dà, irin kejì tí ẹ ní kí n má fọwọ́ kàn dà?"

Ọmọ mi ò mira. Èmi ni mo lọ gbé e. Mẹkáníìkì tú aṣọ rẹ̀, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ti iwájú nìyí! Ti iwájú náà lèyí tí mo fi sábẹ́! Bọ̀ọ́dà, mọ́tò yín kò ní orí méjì kẹ̀. Iwájú ní tirẹ̀, ẹ̀yìn ní tirẹ̀, bí wọ́n ṣe ká ò dọ́gba. Ta ló ń ra iwájú méjì?"

Ọmọ mi ní, "Ìbejì ni wá. Ohun kan náà ni wọ́n máa ń rà fún wa."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mẹkáníìkì. Yorùbá ni, kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó fọwọ́ nu irin náà, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní bí iwájú bá le tí ẹ̀yìn sì rọ̀, ẹsẹ̀ iwájú ló máa ń gba gbogbo ìyà ní kọ́nà, á rẹ̀ wọ́n, wọn ò ní lè di ilẹ̀ mú, mọ́tò á wá máa lọ tààrà. Ó ní ká lọ fi irin yìí pààrọ̀ ti ẹ̀yìn lọ́wọ́ ẹni tó tà á, pé bí méjèèjì bá le bákan náà, mọ́tò á yà bó ṣe yẹ.

"Ti ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ni wọ́n máa pààrọ̀," ni ọmọ mi wí. Ó jáde lọ dúró lójú títì.

Mẹkáníìkì sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, nǹkan kan tún wà. Ẹni tó máa ń jókòó lápá ọ̀tún, ṣé ó sanra ni?"

"Ó sanra."

"Sípíríǹgì apá ibẹ̀ ti rẹlẹ̀. Mo rí i lọ́jọ́ tí mo ṣiṣẹ́ yẹn, mi ò kà á sí, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó wúwo bá jókòó sójú kan pẹ́. Àmọ́ bí ẹni náà ò bá jókòó síbẹ̀ mọ́, ibi tó wà ló yẹ kó dúró sí." Ó wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀. "Ó tún ti rẹlẹ̀ ju ti ọjọ́ yẹn lọ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó má sọ ìyẹn fún ọmọ mi.

Nígbà tí a délé, oòrùn ń lọ, funfun náà ti di pupa rẹ́súrẹ́sú. Ọmọ mi kò fẹ́ wọlé. Mo jókòó sórí àpótí níwájú ilé, mo ní kó jókòó tì mí. Mo bi í pé, "Bí mo bá se ẹ̀wà ìbejì, ta ló ń jẹ ti ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Àwọn ọmọ àdúgbò."

"Ǹjẹ́ o ti rí i rí kí n kó o pamọ́ títí ó fi kan?"

Ó mi orí pé rárá.

"Mo máa ń bu tirẹ̀ sọ́tọ̀, mo máa ń pè é, àwọn èèyàn á sì jẹ ẹ́. Ara ẹni tó wà láàyè ló ń gbà á lọ. Ìwọ wá gbé tirẹ̀ dè mọ́ ìjókòó. Ó ń wò ọ́, kò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe. Ṣé bí mo ṣe kọ́ yín nìyẹn?"

Ó fọwọ́ bojú. Ó ní, "Màmá, bí mọ́tò ò bá fì mọ́, níbo ni màá ti máa gbọ́ ọ?"

Mo fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó gbóná bí orí ọmọ kékeré tí ibà ń ṣe. Mo jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Mo ní kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mi, kó padà wá nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, kó tó dé, mo ti gbé irin náà jáde nínú mọ́tò. Mo pe ọlọ́kadà, mo gbé irin lé itan bí ọmọ, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò àlòkù. Ọkùnrin tó tà á fún ọmọ mi rántí. Ó rí i pé wọn ò tíì lò ó, ó gbé ti ẹ̀yìn jáde. Ó kéré díẹ̀ sí èkejì, bó ṣe ká sì yàtọ̀, àmọ́ ó le. Mo ní kó dúró díẹ̀. Mo tú aṣọ aró kúrò lára ti àkọ́kọ́, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ẹnikẹ́ni ò lé e, pé iṣẹ́ rẹ̀ ni mo yí padà. Mo fi aṣọ kan náà wé ti ẹ̀yìn. Ọkùnrin náà ń wò mí, kò bi mí léèrè.

Mo bá ọmọ mi níwájú ilé. Ó wo aṣọ aró náà, ó mọ̀ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ti yàtọ̀. Mo rò pé á bínú. Ó kàn ṣílẹ̀kùn fún mi ni. A lọ sí Djidjolé, mẹkáníìkì wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi í sẹ́yìn, ó tún gbé nǹkan sábẹ́ sípíríǹgì ọ̀tún kó lè dìde. Ó dá aṣọ náà padà fún mi, ó ní kò gbọdọ̀ wà lábẹ́, pé á lọ́ mọ́ irin. Mo ká a, mo gbé e sórí ìjókòó ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún. Èmi jókòó síwájú. Kò gbóná. Ìjókòó lásán ni.

A dé rọ́ńpúẹ́ǹ. Ọyẹ́ ti ká díẹ̀, mo rí òpin ọ̀nà. Ọmọ mi wọ̀ ọ́, ó yà sósì, mọ́tò yí bí ìgbà tí wọ́n ń yí àwo lórí tábìlì. Kò dà síbì kankan. Ibi tó yẹ kó ti yà ló ti yà, kò yí i lẹ́ẹ̀kejì. Mo wò ó. Omi ń bọ̀ lójú rẹ̀.

"Kò sí níbẹ̀ mọ́, Màmá."

"Ó ti lọ sẹ́yìn," ni mo wí. "Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà."

A ń lọ bẹ́ẹ̀. A dé kọ́nà tó wọ Gbossimé, òsì náà ni, ó rọra yà á. Mo wá gbọ́ ọ lẹ́yìn wa, lápá ọ̀tún, níbi tí kò sí nǹkan kan àfi aṣọ tí mo ká. Kìììn. Bí ìgbà téèyàn ń gbédìí lé ìjókòó.

Ọmọ mi gbé ojú sókè sí dígí.

Èmi ò wẹ̀yìn. Mo ní, "Ọ̀nà ni kí o máa wò."